Làwàní ará Òkèpópó tó kú sí Bọ́mà: níbo la ti máa wá a?

Ọmọ Òkèpópó
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Sójà kan ni à ń wá. Ará Òkèpópó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, Làwàní ni ilé ń pè é. Ìgbà ogun Hítílà ló wọṣẹ́ sójà, Bọ́mà ni wọ́n ní ó kú sí. Ohun mẹ́ta péré ló kù nílé: mẹ́dàlì onírààwọ̀ kan tí kò sí orúkọ lára rẹ̀, fọ́tò kan tí wọn kò kọ ọjọ́ sí, àti ìwé pélébé kan tó ti fàya. “NA/” ló hàn lára ìwé náà, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e, àmọ́ ìdajì nọ́ńbà ọ̀hún ti pa rẹ́. A kọ Làwàní àti orúkọ ìdílé sí ìkànnì àwọn tó ń tọ́jú sàréè ogun, a yan Nàìjíríà, kò gbé ohunkóhun jáde. Ẹ dákun, kí ló kàn? Ìdílé fẹ́ mọ ibi tó sùn sí, wọ́n sì fẹ́ mọ àwọn ọmọ tó bí.

Ọmọ Yábàá
Ẹ kú ìtọpinpin. Orúkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ kí ó má sì jáde, nítorí ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ wo àpótí orílẹ̀-èdè. Lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, tí gbogbo wa ń pè ní CWGC, àpótí yẹn kò béèrè ibi tí wọ́n bí sójà sí. Ibi tí sàréè rẹ̀ wà ló ń béèrè, tàbí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ìrántí. Bọ́mà àtijọ́ ti di Myanmar, òun ni kí ẹ yàn. Bí ó bá gbọgbẹ́ tàbí tí àìsàn mú un, tí wọ́n wá gbé e padà sẹ́yìn sí ọsibítù, ó lè wà ní India tàbí Bangladesh. Ibojì Chittagong àti ti Maynamati, tí méjèèjì wà ní Bangladesh, ní sàréè àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú. Nàìjíríà tí ẹ yàn, àwọn tí ìrántí wọn wà nílẹ̀ wa níbí nìkan ló lè kó wá fún yín.

Ẹ wá wo àpótí orúkọ ìdílé. Akọ̀wé ogun ayé ìgbà náà kì í sábà pín orúkọ èèyàn wa sí méjì. Odindi orúkọ ló ń kó sínú àpótí orúkọ ìdílé. Ẹ kọ LAWANI síbẹ̀, kí ẹ fi àpótí orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ yan Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ má yan ọdún. Bí ẹ bá ti wo ìyẹn tán, ẹ tún un wò pẹ̀lú LAWAL, LAWAN, LAWALI àti LAWANNI. Ẹ má fi àmì ohùn kankan sí i.

Bí àbájáde bá pọ̀, ẹ gbà á wọ kọ̀ǹpútà bí àtẹ (spreadsheet), kí ẹ wá tò ó ní ìtẹ̀léra nọ́ńbà iṣẹ́. Ìdajì nọ́ńbà tó ṣẹ́kù lára ìwé yín yóò yọ ọ̀pọ̀ Làwàní kúrò lójú ẹsẹ̀. Orúkọ lè parọ́, nọ́ńbà kì í sábà parọ́.

Kí ẹ sì mọ ààlà iṣẹ́ wọn. Láti 3 Oṣù Kẹsàn-án 1939 títí dé 31 Oṣù Kejìlá 1947 ni CWGC ń kà fún ogun kejì. Ẹni tí àìsàn pa ní 1946 tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sójà wọ inú rẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà
Ọmọ Yábàá ti fi ọ̀nà hàn. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí máa ń kú sí.

Nínú Nigeria Regiment, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà Nàìjíríà ayé ìgbà náà, èdè Hausa ni wọ́n fi ń pàṣẹ. Orúkọ kan àti orúkọ ìlú ni wọ́n sì fi ń dá ọ̀pọ̀ sójà mọ̀: Músá tó wá láti Kánò di Musa Kano, Òjò tó wá láti Ìlọrin di Ojo Ilorin. Ìlú yẹn kì í ṣe orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Nítorí náà Làwàní ará Òkèpópó lè jẹ́ Lawani Lagos nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú bàbá rẹ̀ ló dárúkọ nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó lè jẹ́ Lawani Epe, Lawani Ijebu, Lawani Abeokuta. Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ibi tí orísun ìdílé ti wá kí ẹ tó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn sì wà tó fi orúkọ mìíràn wọṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ má baà wá fà á jáde ní bárékè. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló lè gbà yín.

“NA/” tó wà níwájú nọ́ńbà fi hàn pé ọmọ ogun Nàìjíríà ni. Tí ẹ bá rí “GC/”, ti Gold Coast (Ghana òde òní) nìyẹn, ẹ fo ìyẹn.

Ohun kan tí àwa ará Èkó máa ń gbàgbé ni pé wọ́n ń wá dẹ́rẹ́bà, akọ̀wé, mẹ́káníìkì, káfíńtà àti olùtọ́jú aláìsàn láàárín àwọn tó ti kàwé tàbí tó ti kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá wá Làwàní nínú Nigeria Regiment tí kò sí níbẹ̀, ẹ gbìyànjú West African Army Service Corps, West African Army Medical Corps, West African Engineers àti West African Artillery. Gbogbo wọn wà lábẹ́ Royal West African Frontier Force, tí ìwé ń ké kúrú sí R.W.A.F.F.

Ọmọ Láfíàjí
Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́dàlì tí kò lórúkọ o. Wọ́n máa ń fín nọ́ńbà, ipò àti orúkọ sójà sí etí mẹ́dàlì. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ẹnì kan rà á lọ́jà.

Ọ̀bàléńdé Sójà
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ogun àkọ́kọ́ lẹ ń sọ. British War Medal àti Victory Medal ti ogun 1914 sí 1918 ní orúkọ létí lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn sójà wa lẹ́yìn ogun Hítílà, wọn kò fín nǹkan kan sí i. Àìsí orúkọ kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ọmọ Òkèpópó, ẹ wo ojú ìràwọ̀ náà dáadáa. Ó ní igun mẹ́fà, adé wà láàárín, àkọlé sì yí i ká. Tó bá jẹ́ “THE BURMA STAR”, ó wọ ilẹ̀ ogun Bọ́mà láàárín 11 Oṣù Kejìlá 1941 àti 2 Oṣù Kẹsàn-án 1945. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, aró dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìlà àwọ̀ ọsàn sì la aró náà. Bó bá jẹ́ “THE 1939-1945 STAR”, ilà mẹ́ta tó fẹ̀ bákan náà ló wà lára rìbọ́ọ̀nù: aró dúdú, pupa, aró fífúyẹ́. Àwọ̀ iyanrìn ni ti “THE AFRICA STAR”. Ẹ má fi ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìpara dídán fọ̀ ọ́. Aṣọ gbígbẹ ti tó. Rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n bá gé jù nù ti kó ẹ̀rí lọ.

Tó bá jẹ́ Africa Star ló wà lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó ti jagun ní Sòmálíà àti Ethiopia kó tó lọ sí Bọ́mà. Bàtálíọ̀nù 1, 2 àti 3 ti Nigeria Regiment ló wà nínú Bìrìgéèdì 23 tó wọ Mogadishu ní 25 Oṣù Kejì 1941, tó sì já ọ̀nà òkè Marda gbà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn bàtálíọ̀nù mẹ́ta yìí kan náà ló tún lọ sí Bọ́mà. Ẹni tó bá wà nínú wọn lè ti kú síbìkan nínú méjèèjì, ọjọ́ ikú ni yóò là á.

Èkó ò gbàgbé àwọn ibi wọ̀nyẹn, bí ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ mọ̀. Bárékè Marda ní Yábàá, Dodan lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀bàléńdé, Arakan ní Àpápá: orúkọ ojú ogun ni gbogbo wọn. A ń sọ̀ níwájú wọn nínú dánfó lójoojúmọ́.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ wo apá aṣọ rẹ̀, níbi èjìká. Aláǹtakùn dúdú lórí ìpìlẹ̀ yẹ́lò jẹ́ àmì Dífíṣọ̀n 81 (dífíṣọ̀n ni ẹgbẹ́ ogun ńlá tó kó bìrìgéèdì mélòó kan pọ̀, bàtálíọ̀nù ló sì wà nínú bìrìgéèdì). Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká alárù jẹ́ ti Dífíṣọ̀n 82. Igi ọ̀pẹ lára fìlà jẹ́ ti gbogbo R.W.A.F.F., kò lè sọ bàtálíọ̀nù fún yín. Ẹ ya fọ́tò náà sí kọ̀ǹpútà ní 600 dpi ó kéré tán, ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ilé ìyàwòrán máa ń tẹ òǹtẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Òǹtẹ̀ Èkó fi hàn pé ó ya á kó tó lọ. Òǹtẹ̀ ìlú kan ní India fi hàn pé ó ti débẹ̀.

Ọmọ Òkèpópó
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Burma Star ni. Àmì apá aṣọ kò hàn, ọwọ́ ẹni tó dúró tì í bò ó. A yan Myanmar, a kọ Lawani nìkan, mẹ́ta fara jọ ọ́. Nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn bá ìdajì tó wà lára ìwé wa mu, Oṣù Kìíní 1945 ló kú. Nigeria Regiment ni wọ́n kọ. Rangoon Memorial ni wọ́n ní ó wà. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí orúkọ ìyàwó, kò sí bàtálíọ̀nù. Ṣé sàréè ni Rangoon Memorial?

Ọmọ Yábàá
Rárá, kì í ṣe sàréè. Ògiri ìrántí ni, ó wà nínú ọgbà ibojì ogun Taukkyan lẹ́yìn ìlú Yangon. Àwọn tí a kò mọ sàréè wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ wọn sún mọ́ 27,000. Ó dùn mí fún ìdílé, torí mo mọ̀ pé sàréè lẹ ń retí.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi wà lára ògiri dípò inú sàréè kò ṣòro láti lóye. Inú igbó ni wọ́n ti jà, lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ àti létí odò. Wọ́n á sin òkú síbi tó ṣubú sí, wọ́n á ri igi mọ́ ọn, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú. Òjò ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún, ó sì ń rọ̀ di Oṣù Kẹwàá. Igi á jẹrà, odò á gbé etí rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tó ń ṣa òkú padà dé, kò sí àmì mọ́. Nínú sàréè ogun kejì tó wà ní Taukkyan, tí ó jẹ́ 6,374, àwọn 867 wà tí wọn kò mọ orúkọ wọn. Ó ṣeé ṣe kí Làwàní wà lára wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín bí òótọ́.

Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ojúewé rẹ̀, ìwé àtijọ́ tí wọ́n yà máa ń wà níbẹ̀. Fún ẹni tó wà lára ògiri, ìwé pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn abala ògiri tí orúkọ rẹ̀ wà, ni ẹ ó rí: ipò, nọ́ńbà, orúkọ bí wọ́n ṣe fẹ́ fín in. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sójú ìkànnì, torí ẹni tó kó ìwé sínú kọ̀ǹpútà lè ṣi lẹ́tà kan.

Fún àwọn tó bá ka èyí tí tiwọn ní sàréè ní Taukkyan: ẹ wá ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ti hú òkú náà wá. Wọ́n kó sàréè wá síbẹ̀ láti ibojì ojú ogun mẹ́rin tó ṣòro láti dé: Akyab, Mandalay, Meiktila àti Sahmaw. Akyab ń tọ́ka sí ogun Arakan, ní apá ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, níbi tí Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti jà. Sahmaw ń tọ́ka sí àwọn Chindit, ìyẹn àwọn sójà tí wọ́n rán wọ inú igbó lọ jà lẹ́yìn àwọn Japan, ní ìhà àríwá.

Ọmọ Láfíàjí
Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bàléńdé, mo gbà, ẹ ṣeun tí ẹ tún un ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Chindit yìí: ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ òfuurufú ju oúnjẹ sí nínú igbó, Chindit ni. Ṣé Làwàní náà kì í ṣe ọ̀kan?

Ọ̀bàléńdé Sójà
Ìyẹn nìkan kò tó. Dífíṣọ̀n 81 náà gba oúnjẹ àti ọta láti òfuurufú ní àfonífojì Kaladan, torí kò sí títì. Ohun tó ń là á ni bàtálíọ̀nù àti ọjọ́.

Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nigeria Regiment ló wà nínú Bìrìgéèdì 3 tí wọ́n yọ kúrò lára Dífíṣọ̀n 81 fún àwọn Chindit. Ní 1944 ni wọ́n jà lẹ́yìn àwọn Japan, láti Oṣù Kẹta títí di àkókò òjò. Bàtálíọ̀nù 4 dúró pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81. Àwọn ni wọ́n gba Kaladan kọjá, tí ìlú Myohaung sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ìparí Oṣù Kìíní 1945. Bàtálíọ̀nù 1, 2, 3, 5, 9 àti 10 wà nínú Dífíṣọ̀n 82, tó wọ Arakan ní ìparí 1944 tó sì ń jà lọ títí 1945 fi jìnnà.

Oṣù Kìíní 1945 tí ìwé sọ kò jẹ́ kó jẹ́ Chindit. Ó ku bàtálíọ̀nù 4 tàbí ọ̀kan nínú mẹ́fà ti Dífíṣọ̀n 82. Méje péré lẹ ní láti yẹ̀ wò báyìí.

Akọ̀wé Àgbà
Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan kọ lójú ogun wà ní The National Archives ní Kew, lẹ́bàá London. Nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn ni WO 172. Lójú àwárí ìkànnì wọn, ẹ kọ “Nigeria Regiment”, kí ẹ fi WO 172 àti 1945 sé e mọ́. Fáìlì kan ló sábà máa ń wà fún bàtálíọ̀nù kan lọ́dún kan. Ẹ kọ nọ́ńbà kíkún sílẹ̀, títí dé èyí tó wà lẹ́yìn ilà. Bí ẹ bá ní ẹbí ní London, kí ó lọ gba káàdì òǹkàwé kó sì fi fóònù ya ojúewé fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n máa ń ṣe àdàkọ fún owó, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè iye ojúewé, torí owó wà lórí ojúewé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé ìwé yìí kì í sábà dárúkọ sójà dúdú. Orúkọ ọ̀gá òyìnbó á hàn. Tiwa á jẹ́ “1 AOR killed”. AOR ni wọ́n ń kọ fún sójà ọmọ Áfíríkà tí kì í ṣe ọ̀gá, BOR fún òyìnbó. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i, àmọ́ a lè lò ó. Ẹ mú ọjọ́ ikú tó wà ní CWGC, ẹ ṣí ọjọ́ yẹn nínú ìwé bàtálíọ̀nù méje náà. Èyí tó bá sọ pé AOR kan kú lọ́jọ́ náà ló súnmọ́ ọn. Bí méjì bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àwọn àfikún ẹ̀yìn fáìlì, nígbà mìíràn àkójọ àwọn tó fara pa máa ń wà níbẹ̀ tòun ti nọ́ńbà. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn, torí wọ́n lè kọ ikú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn dé orí tábìlì.

Nọ́ńbà máàpù ń bá ìròyìn rìn nínú ìwé náà. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ó lè mú yín dé ìtòsí abúlé tí ìjà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ má retí ìwé iṣẹ́ Làwàní fúnra rẹ̀ ní Kew. Ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà ló ń tọ́jú ti àwọn ọmọ ogun wa.

Nílé níbí, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. COMCOL 1 ni fáìlì kọmíṣánnà ìlú Èkó, CSO 26 ni ti akọ̀wé àgbà ìjọba. Bí orísun ìdílé bá jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Abẹ́òkúta, ẹ béèrè Ije Prof tàbí Abe Prof, ìyẹn fáìlì ìjọba agbègbè Ìjẹ̀bú àti ti Abẹ́òkúta. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà ìfihàn dání, ẹ mú pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò. Ẹ má béèrè “ìwé Làwàní” lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, torí fáìlì kò sí lórí orúkọ ẹnì kan. Ẹ béèrè ìwé àtòkọ, kí ẹ máa wá àkọlé tó jẹ mọ́ sójà, owó tí sójà yà sọ́tọ̀ fún ẹbí, ogún sójà tó kú, àti ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́ràá jù lọ. Opó á bá akọ̀wé létà sọ ọ́, ìyẹn á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí ajẹ́lẹ̀ pé owó ọkọ òun ti dúró. Nínú ojúewé kan ṣoṣo ẹ lè rí nọ́ńbà sójà, orúkọ ìyàwó, iye ọmọ àti ojúlé. Ẹ wá láti 1943 títí dé 1950, torí ọ̀rọ̀ owó òkú máa ń pẹ́ nílẹ̀.

Ìyá Ìdílé
Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ jẹ́ ti ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti agboolé, torí ìwé kò ní sọ àwọn tó bí fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fura sí ni opó ṣíṣú. Láyé ìgbà náà, bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ lè ṣú opó rẹ̀. Àwọn ọmọ á dàgbà sọ́wọ́ àbúrò, orúkọ àbúrò ni wọ́n á sì fi wọlé ìwé. Nítorí náà ọmọ Làwàní lè wà nínú ilé yín báyìí, tí wọ́n ń kà á mọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ má bi wọ́n pé “ta ni bàbá yín?” Ẹ béèrè pé “ta ló fẹ́ ìyá yín kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá?” Kí ẹ béèrè ní ìkọ̀kọ̀, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo nígbà kan, torí ọ̀rọ̀ ogún wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, wọ́n á rò pé ilé lẹ fẹ́ gbà.

Orúkọ ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, Ẹkúndayọ̀, tàbí Babátúndé tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bí i: ẹ bi í ní ọdún tí wọ́n bí i. Tó bá bọ́ sí 1944 tàbí 1945, ẹ tẹ̀ lé e. Àmì lásán nìyí o, kì í ṣe ẹ̀rí.

Àgbà kò ní sọ ọdún fún yín. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó wọn ọjọ́ orí: lúkúlúkú 1918, ìgbà tí Ẹlẹ́kọ̀ padà dé ní 1931, ìgbà Ọba Fálolú tó jẹ láti 1932 sí 1949, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945. “Ṣé ó ti lọ kí òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀?” Ìbéèrè yìí ń mú ìdáhùn wá ju “ọdún wo ló lọ?” lọ.

Ẹ rántí pé láti 1955 ni wọ́n ti ń wó ilé ní apá kan àárín Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Bí ojúlé tí ẹ bá rí nínú ìwé kò bá sí mọ́, ẹ má rò pé ìdílé náà ti parun. Ẹ sọdá sí Sùúrùlérè, ẹ béèrè níbẹ̀.

Ibì kan tí àwọn olùwádìí kì í ronú kàn ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Kò sí ìdílé àtijọ́ tó pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò tíì gbé ara wọn lọ sí kóòtù rí. Nínú ìwé ìbúra, wọ́n ní láti ka ẹ̀ka ìdílé láti orí baba ńlá wá: ta bí ta, ta kú láìbímọ, ta lọ sógun tí kò padà. Ẹ bi olórí ẹbí léèrè bóyá ó ní ẹ̀dà ìdájọ́ àtijọ́ nínú àpótí. Àmọ́ kí ẹ kà á pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ lè sọ pé sójà kú láìbímọ kí ẹ̀ka rẹ̀ má baà ní ìpín.

Mọ́sáláṣí náà ńkọ́? Làwàní ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe àdúrà òkú fún un nílé láìrí òkú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ àdúgbò lè rántí ọdún tó ṣẹlẹ̀.

Ará Ẹbúté Mẹ́ta
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ìbéèrè kan: bí ti ẹnì kan bá jẹ́ ogun àkọ́kọ́ ńkọ́, tó lọ sí Kámẹ́rúùnù tí kì í ṣe Bọ́mà?

Akọ̀wé Àgbà
Ìyẹn ṣòro jù. Ogun Kámẹ́rúùnù jẹ́ 1914 sí 1916, lẹ́yìn náà Bìrìgéèdì Nàìjíríà lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti jà ní Mahiwa ní Oṣù Kẹwàá 1917. Mẹ́dàlì ti ogun yẹn ní orúkọ létí, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní Kew, CO 445 ni lẹ́tà ìjọba nípa West African Frontier Force. Tó bá jẹ́ alárù ni, kì í ṣe sójà, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ má sí níbì kankan. CWGC fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2021 pé ó kéré tán 116,000 òkú ogun àkọ́kọ́, tó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí fún rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà àti Àárín Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá ṣí ìbéèrè tuntun fún èyí, kí ti Làwàní má baà dàrú mọ́ ọn.

Ọmọ Òkèpópó
Ìyá Ìdílé, ẹ kú ọgbọ́n o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Èyí tó kàn: bí a bá rí orúkọ bàbá àti ti ìyàwó, ṣé a lè jẹ́ kí CWGC fi kún ojúewé rẹ̀? Ṣé wọ́n sì lè yí Lawani padà sí orúkọ rẹ̀ ní kíkún?

Ọmọ Yábàá
Wọ́n máa ń gba àtúnṣe, àmọ́ ìwé ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba ìtàn ẹnu nìkan. Ẹ kọ̀wé sí wọn láti ojúewé Làwàní gan-an, kí ẹ tọ́ka sí nọ́ńbà iṣẹ́ àti pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi àwòrán ìwé pélébé tó ní “NA/” ránṣẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tàbí ìwé ogún láti Ìbàdàn kún un bí ẹ bá rí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì àti nọ́ńbà ojúewé. Ìbéèrè kan ni kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà kan. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n fi orúkọ àwọn òbí àti ìyàwó kún un. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ wá béèrè ti orúkọ.

Lórí orúkọ, ẹ má sọ pé kí wọ́n pa Lawani rẹ́. Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ tí ilé ń pè é mọ́ èyí tó fi jagun. Bí ẹ bá yí i padà pátápátá, ẹni mìíràn tó bá ní ìwé ogun rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú kò ní rí i mọ́.

Ìyá Ìdílé
Kí ẹ tó kọ̀wé sí òyìnbó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí i. Orúkọ ìyàwó tí ẹ bá kọ síbẹ̀ máa dúró. Bí ó bá ní ju ìyàwó kan lọ, ẹ kọ gbogbo wọn, àgbà ṣáájú.

Ọmọ Òkèpópó
A ti gbọ́, Mà. A máa kọ́kọ́ lọ bá ìyá àgbà kan ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnì kan nínú ẹbí tó wà ní London ti kọ nọ́ńbà WO 172 ti bàtálíọ̀nù 4 sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.

Ọ̀bàléńdé Sójà
Ẹ sọ fún un pé kó ya ojúewé àkọ́kọ́ fáìlì náà pẹ̀lú, èyí tó ní orúkọ bàtálíọ̀nù àti oṣù, kó sì jẹ́ kí nọ́ńbà WO hàn nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àwòrán igba, ẹnikẹ́ni kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti fáìlì wo mọ́.